Ojú nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò létí mi. Mo ti jẹun, mo ti wẹ̀, iná ti lọ ó sì ti padà dé, ohùn obìnrin yẹn ṣì ń dún: "Ẹ jọ̀ọ́ Ànǹtí, ẹ bá mi nà án. Ojú nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ìyá ọmọ kan ni, ní ilé-ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà. Owó lẹ́sìn, owó ẹ̀kọ́ àfikún, ni ọmọ náà kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ ló sì jóná. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òjò rọ̀ láàárọ̀, mo kọ́ SS2 ní ìṣirò, mo máàkì ìwé, mo wọ takisí máíkírà wálé.

Ojú nìkan. Kí ló dé tó fi jẹ́ ojú? Bóyá torí pé ojú làwọn aládùúgbò máa kọ́kọ́ rí. Ẹ̀yìn wà lábẹ́ ẹ̀wù, itan wà lábẹ́ ṣòkòtò. Obìnrin náà kì í ṣe ìkà o. Ẹkún ló ń sun bó ṣe ń sọ ọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń wà ní ọjà Bódìjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bàtà rẹ̀ ò fẹ́ gbà á mọ́. Ó fa ọmọ lé mi lọ́wọ́ bí ẹni tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn tó ń wá ẹni tí yóò bá a sọ̀ ọ́.

Mo ní, "Màmá, òfin ò gbà á." Ó wò mí, ó ní, "Òfin wo? Ta ló ṣe é?"

Mi ò rí èsì fún un. Nílé níbí, mo rí i. Òfin méjì ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí wọ́n ṣe l'Ábújá ní 2003, tí Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ ní 2006. Abala 11 òfin Àbújá ní ọmọ níyì tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fìyà pa á lára tàbí kó ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ìwà ọ̀daràn tí òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa láti 1916 kò kú. Abala 295 rẹ̀ ní òbí lè lu ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 láti fi bá a wí, tí kò bá ti pọ̀ jù, tí kò sì dá ọgbẹ́ sí i lára. Ó ní tíṣà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ní òbí lè gbé àṣẹ ìbáwí náà fún ẹni tó fi ọmọ sí lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé ohun tí ìyá yìí sọ lẹ́nu géètì, ó ti wà nínú ìwé kí a tó bí ìyá ìyá rẹ̀, àfi ti ojú yẹn nìkan.

Èwo wá ni kí tíṣà dì mú? Bí ọmọ bá gba ẹgba tó dákẹ́, 1916 ni. Bí ara rẹ̀ bá wú, tí ẹnìkan sì gbé fóònù jáde, 2003 ni. Àwọn òyìnbó tó kọ ti 1916 sílẹ̀, àwọn náà ti gba pàṣán kúrò lọ́wọ́ tíṣà ní ilé-ìwé ìjọba tiwọn. Ìbò kan ṣoṣo ló fi jù, 231 sí 230, ní July 1986. Ìbò kan! Ìyẹn ni pé àwọn náà jà á dáadáa kí wọ́n tó gbà. Tiwa, mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni jókòó bá àwa tíṣà sọ ọ́.

Inú máíkírà tí mo wọ̀ wálé ni àwọn èrò ọkọ̀ ti ń sọ tiwọn. Bàbá kan níwájú ní ìjọba ló ba ìlú jẹ́, ó ní ọjọ́ tí wọ́n ti gba pàṣán lọ́wọ́ tíṣà ni gbogbo nǹkan ti dojú rú. Ó ní láyé Awólọ́wọ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà láti 1955, pàṣán wà, ọmọ sì gbọ́n. Gbogbo ọkọ̀ ló ń mi orí. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ mi orí.

Ṣùgbọ́n àwọn wo ló ń ṣèjọba báyìí? Ṣebí àwọn tí wọ́n nà láyé ìgbà náà ni. Ní June 2010, àwọn aṣojú-ṣòfin lu ara wọn l'Ábújá, wọ́n fa aṣọ ya mọ́ ara wọn lọ́rùn. Ní April 18, 2018, àwọn jàǹdùkú wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà lọ́sàn-án gangan, wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ sá lọ. Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ ló ti kúnlẹ̀ gbọ́wọ́ sókè rí ní ilé-ìwé. Bí ẹgba bá ń kọ́ni ní ìwà, ìjọba wa ì bá ti dára láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sọ ọ́ fún bàbá náà, ṣùgbọ́n ó jù mí lọ, ó sì ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bàbá mi nà wá. Kòbókò rẹ̀ wà lókè fèrèsé. Mi ò lè jókòó síbí kí n sọ pé ọkùnrin yẹn kò fẹ́ràn wa, tàbí pé kò sí ohun tí mo kọ́... Mi ò mọ̀. Ó máa ń pè wá lẹ́yìn rẹ̀, á bu ẹran tirẹ̀ fún wa.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, mo rò. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń yá lọ́wọ́ tíṣà. Ta ló máa ṣe ti òsì? Ọmọ tó lé ní 70 ló wà ní kíláàsì mi. Èmi tí mo bá nà án ní aago mẹ́wàá, aago mẹ́wàá ààbọ̀ mo ti wà níwájú kíláàsì mìíràn. Tíṣà Ìkòròdú yẹn, ti January 2025, tó ń gbá ọmọ ọdún 3 létí nínú fídíò torí pé ọmọ ò lè kọ nọ́ńbà, ọlọ́pàá mú un, ó sì tọ́ kí wọ́n mú un. Mi ò lè wo fídíò náà tán. Ọ̀tún, ọ̀tún, ọ̀tún ni gbogbo rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù lọ lónìí tilẹ̀ kọ́ ni ti ìyá. Nígbà tí ìyá lọ tán, ọmọ náà ní, "Mà, ẹ kúkú nà mí." Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Kó lè tán."

Kó lè tán! Ọmọ ọdún 15. Ó ti mọ̀ pé ẹgba mẹ́fà ni yóò fi san owó ìyá rẹ̀, gbèsè á parẹ́, á sì lè padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní kò ní tán bẹ́ẹ̀. Mo ní lẹ́yìn ìwé, kó máa dúró tì mí, kí a jọ ṣírò iye agbọ̀n tòmátò tí ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ tà kó tó rí irú owó yẹn lérè. Ó sunkún nígbà tó gbọ́ èyí. Kò sunkún nígbà tí wọ́n dárúkọ pàṣán.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn ńkọ́? Òdìkejì géètì wa gan-an ló wà. Wọ́n kọ 18+ gàdàgbà sára ògiri, yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé wa sì ń wọlé ń jáde níbẹ̀. Ní November 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fagi lé òfin lọ́tìrì 2005 ti ìjọba àpapọ̀, ó ní ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ wà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ ò jìnnà sí wa, ọ́fíìsì wọn kò ju máíkírà méjì lọ. Gbogbo ẹni tó ń pariwo pé kí wọ́n dá pàṣán padà, ta ni nínú wọn ló ti kọ lẹ́tà kan ṣoṣo nípa ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ ọdún 15?

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pàṣán ni wọ́n máa gbé wá. Kí wọ́n tó dé orí rẹ̀, mo máa dìde, mo máa bèèrè ẹni tó fún ṣọ́ọ̀bù yẹn níwèé àṣẹ, mo sì máa ní kí á yan ẹni mẹ́ta tí yóò bá wa débẹ̀. Mo fẹ́ kí ìyá yẹn wà nínú wọn, bó bá lè fi ọjà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.