Ìdáhùn Tó Ń Kanlẹ̀kùn

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 12 ló kàn nínú kíkà tòní. Hẹ́rọ́dù ti Pétérù mọ́lé, ó fi ọmọ ogun 16 ṣọ́ ọ, ìjọ sì ń gbàdúrà kíkan-kíkan nítorí rẹ̀. Áńgẹ́lì tú u sílẹ̀ lóru, ó sì wá kanlẹ̀kùn nílé Màríà, ìyá Jòhánù tí wọ́n ń pè ní Máàkù, níbi tí àdúrà ọ̀hún ti ń lọ lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan, Róda, jáde wá gbọ́ ta ni. Ó dá ohùn Pétérù mọ̀, ayọ̀ kò jẹ́ kó ṣílẹ̀kùn, ó sáré padà lọ sọ fún wọn. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tó ranrí, wọ́n ní áńgẹ́lì Pétérù ni. Pétérù ní tirẹ̀ ò yé kanlẹ̀kùn.

Yorùbá ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó jọ pé àwọn ará ilé Màríà sunkún títí, wọn ò ríran. Èmi ò bá wọn wí, torí báyìí náà là ń ṣe. Púpọ̀ nínú àdúrà tí à ń sọ pé kò gbà ló ti gbà tipẹ́, a ò kàn rántí ohun tí a béèrè mọ́ ni.

Ibí ni ìwé tí à ń kọ àdúrà wa sí ti wúlò. Ìwé ìkọ̀wé lásán tó. Fa ìlà méjì lójú ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó lè pín sí mẹ́ta: déètì lápá òsì, ohun tí a béèrè láàárín, kí apá ọ̀tún sì ṣófo de ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Apá ọ̀tún yẹn ni kó fẹ̀ jù, torí ìdáhùn sábà máa ń gùn ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Ẹ̀bẹ̀ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà ti tó. Ẹni tó kọ ogójì sílẹ̀ á kàn máa pè wọ́n lọ bí tíṣà tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì ni.

Bí a ṣe kọ ẹ̀bẹ̀ ṣe pàtàkì ju ìwé lọ. “Olúwa, bùkún iṣẹ́ mi” dára, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ ọjọ́ tó gbà? Kọ ọ́ báyìí: “Olúwa, lọ́jọ́ Ajé tí mo bá fẹ́ bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ owó oṣù mi, má jẹ́ kí n fi ìbínú sọ ọ́.” Nígbà tó bá di alẹ́ Ajé, ohun kan á wà láti kọ sápá ọ̀tún. Àṣìṣe òdìkejì ni ká máa júwe ọ̀nà fún Ọlọ́run: ẹni tí yóò lò, iye tí yóò san, aago tí yóò dé. Sọ ohun tó o fẹ́ gan-an, kí o fi ọ̀nà sílẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wá ìṣẹ́jú 15, má béèrè ohunkóhun, máa ka ẹ̀yìn bọ̀ wá. Èyí tí o ò fẹ́ mọ́, fa ìlà sí i, kọ déètì, má fa ewé rẹ̀ ya. Ọkàn tó yí padà náà lè jẹ́ ìdáhùn.

Wọ́n máa ń sọ pé ìdáhùn mẹ́ta ni Ọlọ́run ní: bẹ́ẹ̀ ni, rárá, dúró. Ó rọrùn láti há sórí, ṣùgbọ́n ó fo èyí tó wọ́pọ̀ jù: ìdáhùn tó dé bí iṣẹ́. Nínú Àwọn Ọba Kejì orí 20, Hẹsikáyà, ọba Júdà, ń kú lọ, ó sunkún sí Ọlọ́run. Wòlíì Aísáyà, tó wá sọ fún un pé yóò kú, kò tíì jáde tán ní ààfin tí Olúwa fi dá a padà: ọba á yè, a ó fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Kí ló tẹ̀ lé ìlérí yẹn? Ọ̀pọ̀tọ́! Wọ́n ní kí wọ́n mú ìṣù ọ̀pọ̀tọ́ wá, wọ́n fi lé oówo tó ń ṣe é, ara rẹ̀ sì yá. Ẹni tó gbàdúrà ìwòsàn tó wá da oògùn dókítà nù, ọ̀pọ̀tọ́ tirẹ̀ ló ń jù nù yẹn.

Nehemáyà náà, agbọ́tí ọba Páṣíà: láti oṣù Kísíléfì dé Nísánì, bí oṣù mẹ́rin, ló fi ń gbàdúrà nítorí Jerúsálẹ́mù tí odi rẹ̀ ti wó. Nígbà tí ọba bi í pé kí ló fẹ́, ó tún gbàdúrà nínú ọkàn kó tó la ẹnu. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni iye ọjọ́ tí yóò lò, lẹ́tà sí àwọn gómìnà, àti lẹ́tà sí Ásáfù olùṣọ́ igbó ọba, kó fún un ní igi tí yóò fi ṣe ilẹ̀kùn ibodè. Ó dá mi lójú pé ìṣirò wà nínú àdúrà yẹn.

Ní ti “rárá”, Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ìnira kan tó pè ní ẹ̀gún kúrò lára òun. Ẹ̀gún ò kúrò. Ọ̀rọ̀ ló rí gbà: “Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ.” Bí tìrẹ bá jẹ́ rárá, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Má fi ìdí tí a kò sọ fún ọ kún un, má sì gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn tó dà bí ọ̀rẹ́ Jóòbù, tí wọ́n ń sọ ìdí ìyà tí wọn ò mọ̀, pọ̀ nínú ìjọ, ẹnu wọn sì dá ṣáká.

Ó ku àdúrà tí a gbà fún ẹlòmíràn. “Ẹ bá mi fi sádúrà o,” a ní a ti gbọ́, ó tán. Kọ orúkọ onítọ̀hún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí o pè é: “Ọ̀rọ̀ ọjọ́sí ńkọ́?” Àwọn kan á ní ó ṣì wà bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn á kígbe pé, “Áà! Ó ti bọ́ sí i láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo kàn gbàgbé láti sọ fún yín ni.”