Attaya: omi mẹ́ta lórí ewé kan náà

Ní Àgbádárìgì níbí, ohun gbígbóná tó bá ti wọ ife, tíì là ń pè é: Milo ni o, Lipton ni o, ewé tíì ẹ̀yìnkùlé ni o. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní àlejò tí ẹ ò fẹ́ kó tètè dìde, attaya àwọn ará Senegal àti Mali ni kí ẹ sè. Ó máa ń gbà tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ló sì ń kún inú wákàtí náà.

Tíì Ṣáínà aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ká rógódórógódó bí ẹ̀tù ìbọn, ni wọ́n fi ń sè é. Tíì inú àpò kò lè rọ́pò rẹ̀. Ewé ibẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú, omi àkọ́kọ́ ni yóò gba gbogbo agbára rẹ̀.

Fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ wọn ewé kún gíláàsì ògógóró kan sínú kẹ́tùlù kékeré. Ẹ da omi gbígbóná díẹ̀ sí i, ẹ mì í, ẹ dà á nù kíákíá kí eruku lọ. Ẹ wá bu gíláàsì omi mẹ́fà sí i, ẹ gbé e ka èédú tí iná rẹ̀ ti rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí iná bá le jù, á hó dànù, èyí tó kù á korò bí ewúro. Ìdajì gíláàsì ṣúgà ló tó o.

Ìfófó ni iṣẹ́ gidi. Ẹ máa da tíì láti gíláàsì kan sí èkejì, kí ọwọ́ lọ sókè dáadáa, títí ìfófó á fi dúró nísàlẹ̀ gíláàsì kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá dúró, ẹ wo gíláàsì yín: òróró tàbí ọṣẹ ló kù lára rẹ̀. Ẹ dá tíì padà sórí iná kó gbóná, kí ẹ tó bù ú ní ìdajì ìdajì. Àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún.

Ẹ má da ewé nù. Omi kejì, gíláàsì mẹ́rin, á gba ṣúgà kíkún gíláàsì kan àti ewé míǹtì. Bí míǹtì bá wọ́n, ewé tíì ẹ̀yìnkùlé mẹ́ta tí ẹ so ní kókó náà dùn nínú rẹ̀. Láti ìdí lọ sórí ni kí ẹ ti máa nù ún, torí etí rẹ̀ ń géni lọ́wọ́. Bákan náà ni ẹ ó ṣe omi kẹta, òun ló fúyẹ́ jù, òun ló dùn jù.

Tíì yìí ń lé oorun. Ẹni tó bá fẹ́ tètè sùn, kó dúró de omi kẹta.