Ẹ̀rí Ìdúpẹ́ Mi: Ìwé Kejì Tí Olúwa Fi Yọ Mí

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ẹ̀jẹ́ ni mo wá san. Ní ọdún 2017, nígbà tí ọ̀ràn kan ká mi mọ́ nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, mo sọ fún Ọlọ́run pé bí ó bá lè jẹ́ kí n jáde níbẹ̀ láìsí àbàwọ́n lára orúkọ mi, n ó jẹ́rìí rẹ̀ ní gbangba. Mo ti gba ìwé ìdásílẹ̀ mi báyìí, pẹ̀lú ọlá ni wọ́n sì fi dá mi sílẹ̀, nítorí náà kò sí àwáwí fún mi mọ́.

Èdè tí mo fi ń kọ̀wé sí yín yìí gan-an ni ó mú mi wọ iṣẹ́ náà. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ètò kan nígbà náà tí wọ́n ń pè ní MAVNI, èyí tí wọ́n fi ń gba àwọn àjèjì tí wọ́n gbọ́ èdè tí àwọn ológun nílò, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè náà pẹ̀lú Haúsá àti Igbo. Mo wọlé, mo kọ́ṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀, mo sì dé ipò Specialist, èyí tí í ṣe ipò kẹrin láti ìsàlẹ̀. Àwòrán ẹyẹ idì wà lára àmì ipò náà tí à ń lẹ̀ mọ́ àyà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹyẹ yẹn sọ́kàn.

A ń bọ̀ láti ibi ìdánrawò kan nínú aginjù. Òru ni a di ẹrù sínú àwọn kọ̀ǹténà, oorun sì ń kùn mí, mo wá fọwọ́ sí ìwé pé àpótí irinṣẹ́ tí ó wà ní ìkáwọ́ mi ti wọlé, láì fi ojú ara mi rí i. Mo jẹ̀bi ìyẹn, mi ò ní purọ́ níwájú Ọlọ́run. Nígbà tí a dé ibùdó, wọ́n wá àpótí náà tì, owó rẹ̀ sì ju owó oṣù mi lọ dáadáa. Láìpẹ́, ọ̀gá kọ́ńpínnì wa, ìyẹn ẹgbẹ́ sójà tí mo wà nínú rẹ̀, ránṣẹ́ pè mí.

Abala 15 nínú òfin àwọn ológun Amẹ́ríkà, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1951, fún ọ̀gá ní agbára láti fìyà jẹ ọmọ abẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò tó gbé lọ sílé-ẹjọ́. Àwa sójà kì í pè é ní orúkọ mìíràn ju Article 15 lọ. Wọ́n fún mi láàyè láti rí lọ́yà, lọ́yà náà sì là á yé mi pé mo lè kọ̀ ọ́ kí n ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ẹjọ́ ológun, ṣùgbọ́n bí ilé-ẹjọ́ bá dá mi lẹ́bi, àkọsílẹ̀ ọ̀daràn ni yóò máa tẹ̀ lé mi kiri. Ó tún ní bí mo bá gbà kí ọ̀gá mi dá ẹjọ́ náà, kò túmọ̀ sí pé mo gbà pé mo jẹ̀bi. Nígbà tí mo pe àbúrò bàbá mi tí ó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ sójà Nàìjíríà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ṣé wọ́n ti tì ọ́ mọ́ gáàdìrúùmù ni?” Mo ní, “Rárá, sà.” (Mi ò sọ fún wọn pé lọ́dún náà, òfin ṣì gba ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi láàyè láti ti ọmọ ogun tí ipò rẹ̀ kéré mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta lórí búrẹ́dì àti omi nìkan. Ọjọ́ kìíní ọdún 2019 ni ìyẹn tó dópin.)

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, ọ̀gá mi dá mi lẹ́bi. Ó rọ̀ mí sílẹ̀ ní ipò kan, ó gba owó iṣẹ́ ọjọ́ méje lọ́wọ́ mi, ó sì fi iṣẹ́ àfikún ọjọ́ mẹ́rìnlá lé e. Mo yọ idì kúrò láyà. Mo pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ́dọ̀ ẹni tí ó ga jù ú lọ láàárín ọjọ́ márùn-ún tí òfin fi sílẹ̀, ìyẹn náà kò gbà. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ti lọ sílé nírọ̀lẹ́, èmi ni mo máa ń fi epo dídán nu ilẹ̀ ọ́fíìsì títí tí n ó fi rí ojú ara mi nínú rẹ̀, ojú tí mò ń rí níbẹ̀ kò sì dùn ún wò.

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹrin, kọ́ńpínnì mìíràn ń ka ẹrù wọn, wọ́n sì bá àpótí irinṣẹ́ kan nínú kọ̀ǹténà wọn tí kì í ṣe tiwọn. Téèpù wà lára ìdérí rẹ̀, orúkọ mi ni ó wà lára téèpù náà, ìkọ̀wé ọwọ́ mi sì ni. Ọ̀gá wa pè mí síwájú gbogbo ènìyàn nígbà tí a tò láàárọ̀, ó ní òun ti wọ́gi lé ìyà náà, kí n padà sí ipò mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo lẹ idì mi padà, mo sì rò pé ó ti parí.

Kò parí rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń sanwó fún wa lóṣù, ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ 15. Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún dé, owó ipò ìsàlẹ̀ ni wọ́n san fún mi. Ọjọ́ 15 dé, bákan náà ni. Àwọn tí ó ń tọ́jú owó oṣù dà bí Pílátù: ohun tí a bá ti kọ ránṣẹ́ sí wọn, a ti kọ ọ́ náà nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, sájẹ́ǹtì kan tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ wo orúkọ mi nínú kọ̀ǹpútà, ó wo àyà mi, ó ní kí n yọ ẹyẹ yẹn kíá kí ó má baà di ẹ̀sùn kejì sí mi lọ́rùn. Ẹ̀yin ará, ìtìjú ọjọ́ náà ju ti ọjọ́ 9 oṣù Kẹta lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìwé méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ní. Fọ́ọ̀mù DA 2627 ni wọ́n fi ń kọ ìyà sílẹ̀. Bí nǹkan kan bá yí padà lẹ́yìn náà, fọ́ọ̀mù mìíràn, DA 2627-2, ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ ìyípadà ọ̀hún: bóyá wọ́n dá ìyà dúró fún ìgbà díẹ̀, tàbí wọ́n mú èyí tí wọ́n dá dúró padà ṣẹ, tàbí wọ́n dín in kù, tàbí wọ́n fi èyí tí ó kù jì í, tàbí wọ́n wọ́gi lé e pátápátá. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí máa ń dá ipò àti owó tí wọ́n ti gbà padà. Ọ̀gá mi ti fi ẹnu wọ́gi lé e, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ ìwé kejì. Mi ò gbà pé ìkà ni, iṣẹ́ ni ó pọ̀ fún un, ìgbà tí mo sì máa padà lọ bá a nínú oṣù Kẹfà, ó ti fa kọ́ńpínnì náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó ti lọ. Òfin sì ní oṣù mẹ́rin ni wọ́n ní láti wọ́gi lé ìyà, àyàfi bí ìdí tí ó ṣàrà ọ̀tọ̀ bá wà. Mo ń ka ọjọ́ bí ẹni tí ń ka owó tí ó ń tán lọ.

Obìnrin sájẹ́ǹtì kan tí ó ń bójú tó ìwé òfin ni Ọlọ́run lò. Ó bá mi jókòó, ó bi mí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí: “Ta ni ó gbọ́ nígbà tí ó sọ ọ́?” Ó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ènìyàn mẹ́ta tí ó wà lórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kọ̀wé sí ọ̀gá tí ó ti lọ, ìyẹn sì dá a lóhùn. Ó sọ fún mi pé ẹni tí ó bá rọ́pò ọ̀gá kan ní agbára kan náà lábẹ́ òfin. Ọ̀gá tuntun ka gbogbo rẹ̀, ó ní kí wọ́n mú àwòrán téèpù náà wá, ó wò ó pẹ́, ó sì fọwọ́ sí DA 2627-2 ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ mọ́kànlá péré ni ó kù.

Ọjọ́ 15 oṣù Keje bọ́ sí Sátidé, nítorí náà ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sanwó, gbogbo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi sì wà nínú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi owó ilé-ìwé àbúrò mi ránṣẹ́ sí Ìlá Ọ̀ràngún. Láti oṣù Kẹta ni owó tí mò ń fi ránṣẹ́ ti dín kù, màmá mi kò sì béèrè ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n rí owó náà, wọ́n kàn ní, “Ó ti tán, àbí?” Mo ní, “Ó ti tán, Ma.” Wọ́n bú sẹ́kún lórí fóònù.

Ìwé kejì náà àti idì àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà nínú àpò ìwé kan lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ n ó gbé wọn dání lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú ọrẹ ìdúpẹ́ mi. Ẹ wá bá mi jó.