Tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún ní Àbújá: ibòòji ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá

Wọ́n gé máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa lulẹ̀ nínú oṣù Kejì, kò sẹ́ni tó bi ayálégbé léèrè. Ohun tí oòrùn ṣe fún tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ní Kubwa, Nyanya àti Lugbe ló gbé gbòǹgbò tiyín wá láti ilé.

Ewé kọ́kọ́ ká. Lẹ́yìn náà ni àbàwọ́n funfun yọ láàárín ewé, níbi tí oòrùn ti ń bá a gan-an. Funfun yẹn di ràkọ̀ràkọ̀, ó gbẹ bíi bébà. Ẹ fọwọ́ kàn án, ó fọ́. Àwọn ìtì tó ga ju èèyàn lọ tẹ̀ láti orí wá. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé omi ni kò tó: ilẹ̀ rẹ̀ tutù nígbà tí ewé ń jó lókè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyẹn. Tó bá jẹ́ òùngbẹ, ewé á ká lọ́sàn-án, á sì là padà kílẹ̀ tó mọ́. Èyí tí oòrùn bá jó kì í là mọ́. Bí ẹ bá wá ń da omi sí i, kò sí ewé tí yóò lò ó. Gbòǹgbò á rọ̀, á máa rùn.

Ibòòji ló ń fẹ́. Oòrùn àárọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá kò ṣe é ní nǹkan. Ti aago méjìlá sí mẹ́rin ló ń pa á, nítorí náà òkè àti apá ìwọ̀ oòrùn ni kẹ́ ẹ bò. Ẹ ri òpó mẹ́rin, ẹ tẹ́ zana (ẹní koríko tí wọ́n hun) lé e ní nǹkan bíi mítà méjì àbọ̀ sókè, kí atẹ́gùn lè kọjá, kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sì máa yọ́ wọlé. Ẹ má lo ọ̀rá. Ooru abẹ́ rẹ̀ burú ju oòrùn lọ.

Gbígbìn kò le. Oṣù Karùn-ún, tí òjò bá ti dúró dáadáa. Gbòǹgbò olójú méjì, tàbí ìtì tẹ́ ẹ gé ní oríkèé mẹ́ta-mẹ́ta, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ, kẹ́ ẹ fi yẹ̀pẹ̀ bò ó díẹ̀. Mítà kan síra wọn. Ilẹ̀ pupa olókùúta wa kò bá a lára mu: yẹ̀pẹ̀ dúdú garawa méjì sí ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà garawa kan. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù á jó gbòǹgbò.

Èyí tó bá ti jó, ẹ má tíì gé ìtì rẹ̀, òun náà ṣì ń ṣíji bo gbòǹgbò. Ẹ kó ewé gbígbẹ sí ìdí rẹ̀, àmọ́ kó má kan ìtì, nítorí ikán. Ẹ dín omi kù. Tèmi ti rú padà látìgbà tójò ti dé. Ẹ má fi ewé tó jó yẹn ṣe àgbo o. Ẹni tó sì ń lo omi kíkan inú ìtì rẹ̀ fún ikọ́, kó má kán an sójú.

Ẹni tí kò nígi, kó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí apá ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún kan náà. Kí ọyẹ́ tó dé, ewé rẹ̀ á ti fẹ̀ tó láti bò ó.