Ọ̀sẹ̀ kẹta mi ní Salvador

Oṣù mẹ́ta péré ni mo wá lò ní Salvador, ní Brazil, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gùn bí ọdún. N'Íbàdàn, mi ò tíì la ẹnu tí ìyá ẹlẹ́kọ àdúgbò wa ti ń kó tèmi sínú ọ̀rá. Níbí, mi ò gbọ́ Potogí. Ẹkún ni mo fi ń sùn.

Àfi lánàá tí mò ń bọ̀ láti Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ kan nínú ìlú náà, tí òórùn epo pupa gbígbóná gbá mi nímú. Màmá kan jókòó, aṣọ funfun, gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, wọ́n ń da ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Àkàrà! (Ẹ pè é síta, ẹ ó gbọ́ "àkàrà jẹ" nínú rẹ̀.) Wọ́n là á láàárín, wọ́n ki vatapá (ọbẹ̀ kíki kan) àti edé bọ inú rẹ̀, wọ́n fi ata sí i.

N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà." Wọn ò gbọ́ ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n wá fi ẹyọ kékeré kan lé e.

Ènì nìyẹn o, ẹ̀yin èèyàn mi!