Ojú Màámi ló bá mi yan kámẹ́rà

Ó tó ọdún kan tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yìí. Fóònù mi ń ya fọ́tò tó dáa, n ò lè fojú tín-ín-rín rẹ̀, àmọ́ nǹkan méjì wà tí mo ń fẹ́ tí agbára rẹ̀ ò ká. Àkọ́kọ́ ni àwọn lékeléke tó máa ń wá sùn sórí igi ńlá kan lẹ́yìn ilé wa. Bí mo bá fi fóònù yà wọ́n, ohun tí mo máa ń rí ò ju àmì funfun tóótòòtó lọ, àfi bí ìgbà tí ẹfun bá ta sára ewé. Ìkejì ni Màámi. Wọ́n ti pé ọmọ ọdún 81. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí gbogbo wa jókòó yí wọn ká ní pálọ̀, ìgbà yẹn ni ìtàn máa ń dùn lẹ́nu wọn, ìgbà yẹn lojú wọn máa ń tàn. Ìgbà yẹn gan-an náà ni fọ́tò fóònù mi máa ń ṣe bàìbàì.

Ẹyẹ tó jìnnà, àti ojú tó wà nítòsí lábẹ́ iná tí kò tó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di méjì mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn, torí kámẹ́rà tó mọ ti àkọ́kọ́ ṣe kọ́ ló mọ ti ìkejì ṣe.

Àbúrò mi obìnrin ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. "Bọ̀dá mi, irú tèmi ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ ò ní gbé ẹrù kiri, ẹ ò sì ní máa yọ lẹ́ńsì kan ki òmíràn." Tirẹ̀ jẹ́ kámẹ́rà kékeré alásúùmù, èyí tí lẹ́ńsì rẹ̀ kì í kúrò lára rẹ̀, tó ń fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po 50. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní rárá o, DSLR ni kí n rà, ìyẹn kámẹ́rà tó ní dígí nínú, téèyàn lè pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tó kéré jù nínú wọn. Nígbà tí mo rí i pé kò sí èyí tó máa gbà fún èkejì, mo bẹ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n yá mi ní tiwọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n sì yá mi.

Lékeléke ni mo kọ́kọ́ lọ bá, láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó fò lọ. Mo gbé kámẹ́rà àbúrò mi sójú, mo tẹ súùmù, lẹ́ńsì ń yọ síta díẹ̀díẹ̀. Àfi bí mo ṣe rí ẹyinjú ẹyẹ náà kedere, àti ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti bó ṣe ń fi ẹnu tún apá rẹ̀ ṣe. Mo pariwo débi tí ọmọ mi fi sáré jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àṣírí rẹ̀ nìyí. Lára irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ó ń fà láti 24 dé 1200 mílímítà (bí iye náà bá ṣe pọ̀ tó ni lẹ́ńsì ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ tó). Iye yẹn kì í ṣe ti lẹ́ńsì náà gan-an. Iye tí ì bá jẹ́ ni, ká ní fíìmù 35 mílímítà ayé ìgbà kan ló wà nínú rẹ̀. Iye tòótọ́ ò ju 4.3 sí 215 lọ. Ohun tó jẹ́ kó lè rí ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ni pé sensor inú rẹ̀, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé, kéré jọjọ: 6.17 mílímítà ní ìbú, 4.55 ní òró.

Mo fi òṣùpá dán an wò lálẹ́ ọjọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá fi nǹkan bíi 110 pín iye tòótọ́ ti lẹ́ńsì yín, ẹ máa mọ bí òṣùpá ṣe máa tóbi tó lórí sensor. Lórí ti àbúrò mi, ó tó mílímítà 2, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì pátákó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ lásán ni mo fi gbá a mú, síbẹ̀ mo rí àwọn kòtò ojú òṣùpá. Mo wá gbé DSLR ọ̀rẹ́ mi, pẹ̀lú lẹ́ńsì 18-55 tó máa ń bá a wá nínú páálí. Òṣùpá ò ju ìdajì mílímítà lọ lórí pátákó tí òró rẹ̀ tó 15. Bọ́tìnì ẹ̀wù kan lára ògiri ni.

Lóru ọjọ́ yẹn ni mo pe àbúrò mi pé òun ló jàre.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ yí padà. Màámi jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń sọ ìtàn bí kẹ̀kẹ́ tí bàbá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ṣe sọnù, ìtàn tá a ti gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà tó sì ń dùn síbẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà alásúùmù náà. Ó ń wá ojú wọn, lẹ́ńsì ń lọ, lẹ́ńsì ń bọ̀, kó tó rí i mú, ẹ̀rín ti kúrò lójú wọn.

"Ṣé o ti yà á?"

"Ẹ dákun, Mà, ẹ tún rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i."

Ẹ̀rín tá a bẹ̀ ò rí bí èyí tó wá fúnra rẹ̀. Mo gbé ISO, ìyẹn nọ́ńbà tá a fi ń sọ fún kámẹ́rà pé kó jẹ́ kí fọ́tò mọ́lẹ̀ sí i bí iná ò bá tó, dé 1600, mo tún yà á. Nígbà tí mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà, inú mi bàjẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ ò bá tó fún sensor kékeré, fọ́tò máa ń kún fún hóró-hóró bí iyanrìn, kámẹ́rà á wá gbìyànjú láti pa hóró náà rẹ́ kó tó fi fọ́tò pamọ́. Àmọ́ ohun tó pa rẹ́ lójú Màámi ju hóró lọ. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rín ti fà sí ẹ̀gbẹ́ ojú wọn láti ọjọ́ pípẹ́, ewú tín-tìn-tín tó wà létí wọn, gbogbo rẹ̀ dán bọ̀rọ́ bí ike. Kámẹ́rà náà ń ya fọ́tò ní RAW pẹ̀lú, níbi tí kì í ti í pa nǹkan kan rẹ́, mo sì gbìyànjú ẹ̀. Ìlà ojú padà wá, hóró náà sì tẹ̀lé e wá.

Mo mú DSLR. Sensor tirẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 23 ní ìbú, 15 ní òró. Bẹ́ ẹ bá wo bó ṣe fẹ̀ tó lápapọ̀, ó gba ìlọ́po 12 sí 13 àyè ti kékeré yẹn. ISO 1600 kan náà ni mo lò, ìlà ojú Màámi sì wà níbẹ̀ ṣáká. Ẹ wò ó, n ò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni: iṣẹ́ ò tíì parí síbẹ̀. Lẹ́ńsì 18-55 yẹn kì í kó ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fà á dé 55, f/5.6 ni ihò rẹ̀ lè ṣí dé (bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó). Kámẹ́rà ní láti la ojú sílẹ̀ fún 1/10 ìṣẹ́jú-àáyá, ọwọ́ tí Màámi sì ń jù bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn di èéfín nínú fọ́tò.

Ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n wá mú lẹ́ńsì kékeré kan tó wà nínú àpò rẹ̀, 50 mílímítà, f/1.8. Lẹ́ńsì yìí kì í fa nǹkan súnmọ́ rárá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ súnmọ́, ẹ dìde kẹ́ ẹ rìn. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tí f/1.8 ń gbà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 10 ti f/5.6. Ohun tó jẹ́ 1/10 tẹ́lẹ̀ di 1/100. Nínú yàrá kan náà, lábẹ́ gílóòbù kan náà, ọwọ́ Màámi dúró, ojú wọn dúró, aṣọ fèrèsé tó wà lẹ́yìn wọn sì rọ̀ bí ìkùukùu. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo rí ọ̀rọ̀ lójú Màámi nínú fọ́tò yẹn.

Kò kọ́kọ́ rọrùn o. Ní f/1.8, ibi tó ń hàn kedere ò nípọn. Nínú àwọn fọ́tò tí mo kọ́kọ́ yà, etí ló mọ́ kedere, tí ojú sì ṣe bàìbàì. Mo níláti kọ́ bí mo ṣe máa gbé àmì fókọ́ọ̀sì, ìyẹn ibi tí kámẹ́rà máa mú kó mọ́ kedere, sórí ẹyinjú tó súnmọ́ mi jù. Ìyẹn nìkan gba ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn ni ojú ihò tá a ń gbà wo nǹkan. Nínú DSLR, dígí kan ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ gan-an wá bá ojú yín. Ti alásúùmù jẹ́ síkírìnì kékeré kan nínú ihò, tó máa ń fi díẹ̀ rẹ̀yìn sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Fún ẹyẹ tó dúró jẹ́ẹ́, kò ṣe nǹkan kan. Fún ẹ̀rín Màámi, ó ṣe é.

Kí ẹ má rò pé mo ti gbàgbé lékeléke. Ibẹ̀ ni DSLR ti já mi kulẹ̀. Lẹ́ńsì 55-250 lórí Canon kékeré ń rí bí 400 (ẹ fi 1.6 sọ 250 di púpọ̀), 70-300 lórí Nikon kékeré ń rí bí 450 (1.5 ni tirẹ̀). Lẹ́ńsì 150-600 tí Sigma àti Tamron ń ṣe máa dé 900 lórí Nikon yẹn, síbẹ̀ kò tíì tó 1200, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 2. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹyẹ, tàbí tó fẹ́ràn òṣùpá, tí kò sì fẹ́ kí ẹrù ba ẹ̀yìn òun jẹ́, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ DSLR dẹ́rù bà á. Nikon P900 tó jáde ní 2015 ń fà ní ìlọ́po 83, P1000 ti 2018 ń fà ní ìlọ́po 125, tó ń rí bíi lẹ́ńsì 3000 mílímítà. Bí oòrùn bá wà, ayọ̀ ńlá ni. Tẹ́ ẹ bá sì ń ya ẹyẹ funfun nínú oòrùn, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ fọ́tò kù díẹ̀ nínú kámẹ́rà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyẹ́ rẹ̀ á kàn funfun báláú ni, ẹ ò ní rí ìlà kankan lára rẹ̀.

Mo ronú àwọn tó wà láàárín náà, bíi Sony RX10 ti 2013 àti Panasonic FZ1000 ti 2014, tí sensor tiwọn jẹ́ mílímítà 13.2 ní ìbú, 8.8 ní òró. Kámẹ́rà gidi ni wọ́n. Ẹni tó fẹ́ ohun kan ṣoṣo fún ìrìnàjò, ibẹ̀ ni màá darí rẹ̀ sí. Ìṣòro tèmi ni pé f/1.8 yẹn ti wọ̀ mí lára.

Mo ra DSLR, àlòkù. Láti 2018 tí Canon àti Nikon ti bẹ̀rẹ̀ ètò lẹ́ńsì tuntun fún kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú, ọ̀pọ̀ èèyàn ń ta DSLR wọn, lẹ́ńsì tó sì wọ̀ wọ́n kún ilẹ̀ bí ewé: ti Nikon ti wà láti 1959, EF ti Canon láti 1987. Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ ibì kan. Àwọn Nikon tó kéré jù, irú D3200 tàbí D3500, kò ní mọ́tò fókọ́ọ̀sì nínú ara wọn. Lẹ́ńsì Nikon àtijọ́ tí kò ní mọ́tò tirẹ̀ á wọ̀ ọ́, àmọ́ ọwọ́ yín lẹ máa fi yí fókọ́ọ̀sì. Èyí tí wọ́n kọ AF-S sí lára, tó ní mọ́tò tirẹ̀, ni kẹ́ ẹ wá. Ti Canon EF ò ní wàhálà yìí, inú lẹ́ńsì ni mọ́tò wọn ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tún béèrè iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ kámẹ́rà náà. Ìgbà 100,000 ni Nikon dán D3200 wò dé. Tó bá jẹ́ alásúùmù àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ fa súùmù rẹ̀ lọ, ẹ fà á bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀ bóyá ó ń ha, torí tí lẹ́ńsì yẹn bá bàjẹ́, gbogbo kámẹ́rà ló bàjẹ́.

Eruku náà ń bẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo gbà á, àmì dúdú kan jókòó sójú ọ̀run nínú gbogbo fọ́tò mi. Eruku ló wọlé nígbà tí mo ń pààrọ̀ lẹ́ńsì nínú afẹ́fẹ́. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ni mo fi lé e jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i.

Àwọn kan ń ra DSLR, wọn kì í sì í yọ lẹ́ńsì inú páálí yẹn láéláé. Ó ń dùn mí tí mo bá rí wọn. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní ra lẹ́ńsì kejì, ẹ gbọ́ ti àbúrò mi.

Òun náà sì ti rí fọ́tò Màámi. Ó wò ó pẹ́, kò sọ̀rọ̀, ó wá ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí: "Bọ̀dá mi, ẹ yá mi ní tiyín lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹ́ ya àwọn ọmọ nínú ilé." Mo ní kó mú tirẹ̀ dání bó bá ń bọ̀. Àwọn lékeléke ti kọ́ ìtẹ́ sórí igi ẹ̀yìn ilé wa, lẹ́ńsì tèmi ò sì débẹ̀.