Ògiri tó ń mí: àyẹ̀wò ọdún mi nínú àká àtijọ́

Mo ṣí ìwé tí mo ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí lálẹ́ àná. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ọdún yìí tó parí, àká àtijọ́ tí à ń sọ di ilé ìpàdé gbogbo ará àdúgbò yóò ti ṣílẹ̀kùn. Kò tíì ṣí. Ẹni tó bá bi mí léèrè ohun tí mo fi ọdún yìí ṣe, ohun tí màá sọ fún un ni pé sìmẹ́ńtì ni mo ń họ kúrò lára ògiri.

Àwọn tó kọ́ àká yẹn kò mọ sìmẹ́ńtì. Òkúta ni wọ́n tò, efun tí wọ́n sun tí wọ́n sì pò mọ́ yanrìn ni wọ́n fi dì í mú. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ a máa mu omi lásìkò òjò, tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, á tú omi náà sílẹ̀. Ó ń mí ni. Nígbà tó yá, ẹnì kan tó gbà pé òun ń tún un ṣe wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ tinú-tòde. Sìmẹ́ńtì le, kì í jẹ́ kí ògiri tu omi jáde. Ibi tó bá ti sán ni òjò ń gbà wọlé, á há sínú ògiri, á sì yọ́ lọ sí ẹsẹ̀ àwọn òpó igi tó gbé òrùlé ró. Igi tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ bá ti ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ fún ìgbà pípẹ́ ti di oúnjẹ fún olú tó ń jẹ igi. Ní oṣù kejì, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ọ̀rinrin ka 31 ní ẹsẹ̀ òpó kẹta. Mo tẹ èékánná mọ́ igi náà, ó wọlé bí ìgbà tí èèyàn tẹ ọṣẹ tó ti dẹ̀.

Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ là ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Bí a bá lo ẹ̀rọ ńlá, òkúta á fọ́ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì, nítorí náà òòlù àti irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ la fi ń họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wá, àwọn àgbàlagbà wá, ìyá àgbà kan tí kò lè gbé òòlù jókòó, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ojú òkúta. Lẹ́yìn náà la fi efun tuntun dí ojú àlàfo, a sì ń fi àpò tútù bò ó kó má baà tètè gbẹ. Bí efun ṣe ń le ló ń fa gáàsì kábọ́ọ̀nù dàọ́ksáìdì padà láti inú afẹ́fẹ́, èyí tó jáde lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sun ún. Kò fẹ́ràn òtútù rárá. Nígbà tí ojú ọjọ́ bọ́ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 5 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, a kó irin iṣẹ́ jọ.

Ó dùn mí pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ tún ṣe irú àṣìṣe kan náà. Agbaṣẹ́ṣe tí a kọ́kọ́ pè ní kí a lẹ fọ́ọ̀mù mọ́ inú ògiri kí ilé lè móoru. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ògiri kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù náà bí ìrì. A yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Irun àgùntàn ló wà lábẹ́ òrùlé báyìí, òun náà lè gba ọ̀rinrin kó sì tú u sílẹ̀.

Ọjọ́ kan wà tí n kò ní gbàgbé. A ń fọ eruku ara àwọn igi òrùlé, ni mo bá rí ilà tí wọ́n fi irin sín sí i lára: I, II, III, IIII. Orí ilẹ̀ ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìgbà náà ti kọ́kọ́ to gbogbo igi pọ̀, wọ́n sín àmì sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, wọ́n tú u, kí wọ́n tó gbé e dúró. Èyí tó bá ní III lára, III ni ẹnì kejì rẹ̀. Nígbà tí a sọ igi kan kalẹ̀ láti gé ibi tó rà kúrò, tí a sì so igi tuntun mọ́ èyí tó kù, ilà yẹn ló fi ibi tí yóò padà sí hàn wá. Mo fi ìka tọ ọ́. Omi bọ́ lójú mi.

Ọ̀rọ̀ pípín inú àká sí yàrá ló fa àríyànjiyàn jù. Àwọn kan fẹ́ ọ́fíìsì, àwọn kan fẹ́ yàrá ọmọdé, èmi sì ń sọ pé àyè gbalasa yẹn gan-an ni àká. Àdéhùn Venice ti ọdún 1964, ìwé ìlànà àgbáyé lórí títọ́jú ilé àtijọ́, sọ pé fífi ilé àtijọ́ ṣe ohun tó wúlò fún àwùjọ dára, kìkì kí ó má yí ètò inú rẹ̀ padà. Mo kà á fún wọn nípàdé. Ìyá àgbà oníbúrọ́ọ̀ṣì yẹn, àní ẹni tó ń gbá òkúta, ló dá mi lóhùn: "Ìwé rẹ dára, ọmọ mi, ṣùgbọ́n orúnkún mi kò lè gba òtútù." Òótọ́ ló sọ. Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé a kan yàrá pákó kan sí ìpẹ̀kun kan. Orí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló dúró, ìṣó kan kò wọ inú igi àtijọ́, yàrá yẹn nìkan la ó sì máa mú gbóná.

Ilẹ̀kùn ńlá méjèèjì tó dojú kọra wọn ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Àárín wọn ni ilẹ̀ ìpakà, atẹ́gùn tó ń gba ibẹ̀ kọjá ni wọ́n fi ń fẹ́ ọkà. Lọ́jọ́ tí ooru mú jù, a ṣí méjèèjì, inú tutù láìsí ẹ̀rọ kankan.

Àwọn àdán náà gba oṣù kan àti ààbọ̀ lọ́wọ́ wa. Wọ́n ń tọ́mọ lókè, ọmọ kan ṣoṣo ni abo sì sábà ń bí lọ́dún, nítorí náà a dá iṣẹ́ òrùlé dúró títí wọ́n fi fò lọ. Inú mi dùn pé a dúró.

Ẹsẹ̀ òpó kẹta ti di 17. Ògiri àríwá ṣì wà ní 22, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n kan lóṣù. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní, màá gbé ẹ̀rọ mi lọ wọ̀n ọ́n.